Àgolo mílíìkì kan, ẹni méjì

Bí wọ́n bá ti sọ fún bàbá ilé pé ó ní àtọ̀gbẹ, ohun tí ilé sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á ya ìkòkò rẹ̀ sọ́tọ̀. Bàbá á máa dá jẹ wíìtì pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, àwọn yòókù á máa fi gbẹ̀gìrì gbé àmàlà mì lójú rẹ̀. Kì í pẹ́ tí bàbá á fi mọ ọ̀nà búkà. Ìkòkò ọ̀tọ̀ kì í tọ́jọ́. Ohun tó ń tọ́jọ́ ni kí gbogbo ilé máa jẹ ohun kan náà, kí ìkòkò ilé fúnra rẹ̀ dára, kí ìwọ̀n sì yé ẹni tó ń dáná. Nítorí náà, àwa tí à ń dáná ní Òṣogbo ni mò ń bá sọ̀rọ̀, bóyá àtọ̀gbẹ la ń bá fà á, bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru, bóyá méjèèjì, torí wọ́n fẹ́ràn láti máa rìn pọ̀.

(Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ní àléébù, tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi àgbọn àti ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní potassium, tó lè pọ̀ jù fún un, iyọ̀ àfirọ́pò tí wọ́n ń tà fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru sì lè ṣe é níbi. Ọ̀dọ̀ dókítà rẹ̀ ni kó ti gba òdiwọ̀n.)

Orí òkèlè ni kí á ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni irọ́ pọ̀ sí jù. Wọ́n ní ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í gbé ṣúgà sókè, pé alátọ̀gbẹ lè jẹ ẹ́ títí ikùn á fi kún. Òótọ́ ni pé sítáàṣì inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n kò tíì di ṣúgà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ti sá a, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí ẹ sì ti fi omi híhó rò ó, sítáàṣì yẹn ti rọ̀, kò sì ní pẹ́ nínú kó tó di ṣúgà. Ẹ̀lùbọ́ iṣu, ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, gàrí, sẹmó: nínú 100 gíráàmù èyíkéyìí nínú wọn, bíi 70 sí 85 ló jẹ́ sítáàṣì. Wíìtì náà kò jìnnà sí wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí wọn kò yọ èèpo rẹ̀ sàn díẹ̀. Iye tí a jẹ ló ń ṣiṣẹ́ ju orúkọ ohun tí a jẹ lọ. Ẹni tó jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìpọn mẹ́ta ti jẹ ju ẹni tó jẹ àmàlà dúdú ìpọn kan, kò sí àlàyé míì níbẹ̀.

Òṣùwọ̀n tó wà nílé gbogbo èèyàn ni àgolo mílíìkì. Bu ẹ̀lùbọ́ kún un, kí o fi ọ̀bẹ gé ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ: ó súnmọ́ 100 gíráàmù, sítáàṣì inú rẹ̀ á tó 80. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ oúnjẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ ètò àgbàlagbà láti 45 sí 60 gíráàmù, sítáàṣì àti ṣúgà lápapọ̀, fún oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, kí dókítà tó wá tún un ṣe fún oníkálukú. Àgolo kan, ẹni méjì nìyẹn. Ogójì ogójì kàn wọ́n, àyè díẹ̀ sì ṣẹ́kù fún gbẹ̀gìrì, torí ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, òun náà ní tiẹ̀ lára. Gàrí fún ẹ̀bà kò yàtọ̀. Ìrẹsì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: àgolo kan tí a kò tíì sè tó ẹni mẹ́ta.

Kó tó dé inú omi ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n o. Àmàlà tó rọ̀ ti mu omi púpọ̀, èyí tó le kò mu tó bẹ́ẹ̀. Òkìtì méjì lè bára dọ́gba lójú àwo, kí ẹ̀lùbọ́ inú ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èkejì. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi ń sọ pé “ohun tí mo jẹ lánàá náà ni mo jẹ lónìí”, tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò sì ń sọ ohun míì. Ní búkà, ẹ ò lè wọn ẹ̀lùbọ́ ẹlẹ́lùbọ́, nítorí náà ìkúùkù ẹni tó fẹ́ jẹun ni òṣùwọ̀n. Ẹ ní kí olóúnjẹ bu ìpọn kan, kó fi owó ìyókù bu ewédú àti ẹja sí i. Iyán kò ní ìyẹ̀fun tí a lè wọ̀n, iṣu ni kí ẹ gé: 150 gíráàmù iṣu tí a ti bó ní sítáàṣì bíi 40. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, ìgé kan tó nípọn tó àtàǹpàkò láti ara iṣu tó sanra níwọ̀nba. Mo mọ̀ pé ó kéré lójú ẹni tó bá fẹ́ràn iyán. Ẹ̀fọ́ rírò ni kí ẹ fi dí àlàfo yẹn, kó gba ìdajì àwo.

Ọbẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó 5 gíráàmù lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan pẹrẹsẹ, tí a bá ka èyí tó wà nínú búrẹ́dì, nínú Indomie àti nínú máàgì mọ́ ọn. Máàgì ẹyọ kan jẹ́ bíi 4 gíráàmù, ó sì ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ iyọ̀. Ẹ bá mi ṣírò ìkòkò ẹni mẹ́fà tó gba ṣíbí tíì iyọ̀ kan àti máàgì mẹ́rin: iyọ̀ ti lé ní 13 gíráàmù. Oníkálukú ti jẹ ju 2 gíráàmù lọ nínú ọbẹ̀ kan ṣoṣo, a ò tíì ka ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ bọ̀ lọ́tọ̀. Kí ẹ yan ọ̀kan: ṣíbí tíì iyọ̀ kan láìsí máàgì, tàbí máàgì méjì láìsí iyọ̀. Méjèèjì pọ̀ kò ṣe é gbà.

Káún wá ni ọ̀tá tí ẹnikẹ́ni kì í fura sí. Torí pé kò dùn bí iyọ̀ lẹ́nu, ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó ti sá fún iyọ̀ á máa jẹ ẹ́ nínú ewédú, nínú ilá, nínú ẹ̀wà. Sodium tó wà nínú iyọ̀ ló wà nínú káún náà, sodium yìí ló sì ń fa omi mọ́ra tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ru. Ẹ̀wà kò nílò rẹ̀: ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, á rọ̀. Ewédú náà kò nílò rẹ̀. Fún ewédú tó kún ọwọ́ méjì lẹ́yìn tí ẹ ti já a kúrò lára igi, omi àgolo kan ààbọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí omi hó gidi kí ewé tó wọ inú rẹ̀, ẹ má dé e, torí ìdérí ló ń mú kó dúdú. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje, ẹ fi ìjábẹ̀ já a. Bí ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀rọ ìlọta, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta péré, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kó máa yí lọ títí á bá omi ewé tí kì í fà. Bó bá pẹ́ jù lórí iná náà, kò ní fà.

Irú ló ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn èèyàn rò pé máàgì ń ṣe. Ṣíbí ìmùkọ méjì irú wóró fún ìkòkò ẹni mẹ́fà, ẹ dà á sínú epo pẹ̀lú àlùbọ́sà kí ata tó wọlé. Àmọ́ ẹ tọ́ ọ wò lọ́jà kí ẹ tó rà á, ìbáà jẹ́ Ọjà Ọba, ìbáà jẹ́ Olúọdẹ, torí ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti fi iyọ̀ sí kó má baà tètè bàjẹ́. Bó bá níyọ̀, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Irú tí kò níyọ̀ kì í pẹ́ níta, inú fíríìjì ni ibùgbé rẹ̀. Ní ti ẹran, àlùbọ́sà, atalẹ̀, aáyù àti ẹfinrin ni kí ẹ fi bọ̀ ọ́. Iyọ̀ á bá a nínú ọbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ilé á ní ọbẹ̀ tẹ́. Ẹ fara dà á, ahọ́n máa ń kọ́ ọ. Ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́ ni iyọ̀ tí wọ́n gbé sórí tábìlì, kí ẹ kó o kúrò níbẹ̀.

Ohun mímu nìkan tó láti ba gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́. Ẹ yí ìgò, ẹ wo iye ṣúgà tí wọ́n kọ fún 100ml. Bó bá jẹ́ 11 gíráàmù, ìgò 33cl ní bíi 36, ìyẹn ṣíbí tíì mẹ́sàn-án. Mọ́ọ̀tì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, bó ti wù kí wọ́n máa sọ pé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Omi ọsàn tí wọ́n fún náà wà níbẹ̀: ọsàn mẹ́rin wọ ife kan, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í jókòó jẹ ọsàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ ọsàn kan pẹ̀lú ẹran ara rẹ̀. Ẹmu òwúrọ̀ ní ṣúgà, ti ìrọ̀lẹ́ ní ọtí, ọtí sì léwu fún ẹni tó ń lo oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀. Kúnú tí wọn kò fi ṣúgà sí ṣì jẹ́ ọkà. Ife kan, kí ẹ sì kà á mọ́ oúnjẹ.

Zobo ni mo fọwọ́ sí, bí ẹ bá sè é fúnra yín. Àgolo méjì òdòdó ìsápá pupa gbígbẹ, omi lítà mẹ́ta, atalẹ̀ méjì tó gùn tó àtàǹpàkò, kànáfùrù mẹ́wàá. Ẹ yára ṣan iyanrìn kúrò lára òdòdó náà, ẹ má rẹ ẹ́, torí àwọ̀ á bá omi lọ. Ẹ má lo ìkòkò àlùmíníọ̀mù, kíkan inú zobo máa ń jẹ ẹ́, ẹ ó sì gbọ́ adùn irin lẹ́nu. Ìṣẹ́jú 15 lórí iná, ẹ sọ̀ ọ́, ẹ dé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi aṣọ mọ́mọ́ sẹ́ ẹ. Bó bá hó jù bẹ́ẹ̀ lọ, á máa há lọ́fun. Kíkan yìí ló ń mú kí àwọn tó ń tà á da ṣúgà sí i bí ẹni da omi. Ọ̀nà míì wà: dàbínù kékeré mẹ́fà tí a yọ kóró rẹ̀, kó bá a hó. Ṣúgà inú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò ju bíi 30 gíráàmù lọ, lítà mẹ́ta sì jẹ́ ife 25cl méjìlá, ìyẹn 2 gíráàmù ààbọ̀ nínú ife kan. Bó bá ṣì kan, ẹ fi omi tútù là á. Ọjọ́ mẹ́ta ni nínú fíríìjì. Zobo máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di omi, kò sì gbọdọ̀ torí rẹ̀ fi oògùn sílẹ̀.

Ẹ̀rù ṣúgà tó ga ń mú kí ilé gbàgbé èyí tó já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń yára pa èèyàn. Ẹni tó ń gún insulin tàbí tó ń lo oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ bíi Daonil kò gbọdọ̀ lo oògùn kó wá fi oúnjẹ falẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi àgbo àtọ̀gbẹ lé e láìsọ fún dókítà. Bí òógùn tútù bá bò ó, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, tàbí tí ẹ̀rọ bá ka ohun tí kò tó 70 mg/dL, ṣúgà ló nílò lójú ẹsẹ̀: ṣíbí tíì mẹ́rin nínú omi, tàbí ìdajì ìgò mínírà 35cl. Kì í ṣe àmàlà, kì í ṣe ẹran, wọ́n á pẹ́ jù nínú. Bí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí, ẹ má dúró dè é. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò; bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún un ṣe, lẹ́yìn náà kó jẹun. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ló yá. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba ààwẹ̀, kí oṣù tó yọ ni kó ti rí dókítà, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n yí ìwọ̀n àti àsìkò oògùn rẹ̀ padà.

Ó wá ku ọjọ́ àlejò. Nínú oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé, tàbí nígbà Iléyá, kò sí ilé tí kì í kún ní ìlú yìí, èèyàn kò sì fẹ́ kí wọ́n máa fi òun ṣe àpèjúwe níwájú àlejò. Ẹ kọ́kọ́ gbé mọ́ínmọ́ín àti ẹja jáde fún gbogbo èèyàn, kí ìrẹsì tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ̀wà àti ẹja ṣáájú, ṣúgà rẹ̀ kì í fò sókè tó ti ẹni tó fi ìrẹsì ṣínu. Ẹ jẹ́ kí oníkálukú bu tirẹ̀. Ẹran Iléyá, ẹ sè é láìsí iyọ̀ púpọ̀, ẹ gbé ata gígún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgò zobo aláìníṣúgà, ẹ so òwú mọ́ ọ lọ́rùn kí àlejò tó dé, torí lójú, òun àti oníṣúgà kò yàtọ̀ síra.