Fíríìjì èéfín: ọ̀rọ̀ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn

Ọjọ́ Ajé

Ẹ́ńjìnnì ti kúrò lẹ́yìn fíríìjì àtijọ́ tí mo ń sọ di ààrò èéfín tí mo máa fi yan ẹran. Ẹni tó mọ iṣẹ́ gáàsì ló fa gáàsì inú rẹ̀ jáde kí n tó fọwọ́ kan páìpù kankan. Inú rẹ̀ jẹ́ irin tí wọ́n fi tánganran bò, òwú gíláàsì ló sì wà láàárín ògiri. Ìdí tí mo fi wá ti àtijọ́ nìyẹn. Ike ni inú àwọn tòde òní, fóòmù ló wà lẹ́yìn ike ọ̀hún, a kì í sì í dáná sí irú wọn. Mo kó àwọn pẹpẹ rẹ̀ dànù. Wọ́n máa ń fi cadmium, irú irin kan, bo irin pẹpẹ fíríìjì àtijọ́ nígbà mìíràn, májèlé sì ni.

Ilẹ̀kùn ló kù, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Bí inú àpótí tilẹ̀ jẹ́ irin, ike ni awọ inú ilẹ̀kùn. Síkúrù kan náà ló di ike yìí àti rọ́bà mú yípo, àwọn síkúrù yẹn náà ni kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn wọ́. Ẹ má tú gbogbo wọn kí ẹ sì wá dè wọ́n padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Páànù irin tí mo gé rọ́pò ike náà, díẹ̀díẹ̀ ni mo dè é, ilẹ̀kùn wà ní pípadé, mo ń wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí mo ṣe ń dè é.

Ọjọ́rú

Mo yẹ rọ́bà tó bá fíríìjì wá wò. PVC, irú ike rírọ̀ kan, ni, òòfà tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀. Òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Bí ooru bá ti ń sún mọ́ 80°C, á ti rọ̀, á sì tẹ̀ sí bí wọ́n bá ṣe tẹ̀ ẹ́, kò ní gbé ara rẹ̀ dìde mọ́. Bó bá wá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an, èéfín olóró tó ní ásíìdì á máa jáde lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe èéfín tútù nìkan, tí àpótí rẹ̀ kò ní kọjá 30°C, lè fi rọ́bà yìí sílẹ̀ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi ń wá 120°C, nítorí náà mo bó o kúrò tòòfà-tòòfà.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé torí kí èéfín má bàa jáde la ṣe ń dí ilẹ̀kùn. Èéfín gbọ́dọ̀ jáde. Bó bá há sínú, á di ọ̀dà dúdú, á sì mú ẹran korò. Iṣẹ́ rọ́bà ni kó má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ibi tí a kò pè é sí wọlé. Iná kò mọ̀ bóyá ihò tí mo gbẹ́ fún un ni afẹ́fẹ́ gbà tàbí abẹ́ ilẹ̀kùn, èyí tó bá rí ló ń jẹ. Bí abẹ́ ilẹ̀kùn bá ń jò, mo lè ti ihò afẹ́fẹ́ pa pátápátá kí ooru ṣì máa gòkè. Ìdí nìyí tí jíjò díẹ̀ lókè kò fi dùn mí tó ti ìsàlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀

Kí n tó ra ohunkóhun, mo wọn àlàfo. Mo fi amọ̀ ṣe ìṣù kéékèèké, mo fi ọ̀rá we wọ́n, mo lẹ̀ wọ́n yípo ẹnu àpótí, mo ti ilẹ̀kùn dé ibi tí mo fẹ́ kó máa dúró sí, mo ṣí i, mo wọn bí wọ́n ṣe nípọn tó. Ẹ̀gbẹ́ híńjì jẹ́ mìlímítà 9, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ 13. Kò sí rọ́bà kan tó lè bá méjèèjì mu dáadáa. Èyí tó bá tó 13 á fún pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ híńjì, ilẹ̀kùn á sì máa ta padà.

Àwọn tí mo gbé yẹ̀ wò nìyí. Okùn gíláàsì tí wọ́n fi ń dí ẹnu ààrò irin: kò sí ooru tí mo lè dá tó máa jó o, ṣùgbọ́n ó ń gbọn fọ́nrán, mi ò sì fẹ́ fọ́nrán gíláàsì nítòsí oúnjẹ. Nomex, aṣọ kíki tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ààrò èédú, dára gan-an fún àlàfo tóóró. Ó kéré sí tèmi, ó sì máa ń mu ọ̀rá títí á fi le gbagidi. EPDM, rọ́bà dúdú ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò, á gba 120°C, àmọ́ ibi tí agbára rẹ̀ ti ń tán ni mo ti fẹ́ máa lò ó lójoojúmọ́.

Sílíkónì ló kù. Ó ń gba 200°C láìṣe wàhálà, bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó ń gbé ara rẹ̀ dìde, ọ̀dà sì ń ṣeé nù kúrò lára rẹ̀. Oníhò nínú, tó rí bíi lẹ́tà D, ni mo mú, èyí tó ga tó mìlímítà 15. Èyí tí kò ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn ni mo rà, torí pé gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn yẹn kì í sábà gba ooru tó rọ́bà fúnra rẹ̀.

Sátidé

Mo fi wáṣà sábẹ́ híńjì kí ẹ̀gbẹ́ yẹn lè di 11. Ìkọ́ méjì tó ń fa ilẹ̀kùn mọ́ra ló mú ẹ̀gbẹ́ kejì wá sí 11 pẹ̀lú. Rọ́bà mìlímítà 15 tó fún dé 11 ti fún ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ díẹ̀, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Nípa ìkọ́ yìí: nígbà tí òòfà kò tíì sí lẹ́nu fíríìjì, ìkọ́ ni wọ́n ń lò, àwọn ọmọdé sì há sínú rẹ̀ tí wọ́n kú. Ìyẹn ló mú kí Amẹ́ríkà ṣòfin ní 1956 pé fíríìjì gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú. Èmi tó bó òòfà kúrò ti dá ewu yẹn padà, nítorí náà àgádágodo á máa wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà gbogbo tí mi ò bá lò ó.

Ara ilẹ̀kùn ni mo lẹ rọ́bà mọ́, kì í ṣe ẹnu àpótí, kí ọ̀rá má bàa máa kán lé e. Mo fi sípíríìtì nu irin. Gọ́ọ̀mù sílíkónì tó ṣeé lò nítòsí oúnjẹ ni mo lò. Èyí tí wọ́n fi ń dí etí balùwẹ̀ sábà máa ń ní oògùn tó ń pa èébu nínú, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Mi ò tẹ rọ́bà ní igun, torí ihò inú rẹ̀ á pa dé. Mo gé e ní ìdagun 45°, mo sì fi gọ́ọ̀mù so ó pọ̀. Àárín ẹ̀gbẹ́ híńjì ni mo jẹ́ kí orí àti ìdí rẹ̀ ti pàdé. Èéfín ń tì jáde lókè, afẹ́fẹ́ ń wọlé nísàlẹ̀, agbára méjèèjì sì ń dínkù bí a bá ti ń bọ̀ sáàárín.

Ọjọ́ Àìkú, alẹ́

Gọ́ọ̀mù ti gbẹ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú àpótí, mo pa iná yàrá. Ìmọ́lẹ̀ yọ ní igun òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ híńjì nìkan. Mo yọ wáṣà kan níbẹ̀, ó sì parẹ́. Bébà tí mo fi há ẹnu ilẹ̀kùn le fà yọ yípo, bí ó ṣe le lókè ló le nísàlẹ̀.

Mo dáná òfìfo, kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀, kí òórùn gọ́ọ̀mù lè jáde. Ooru dé 120°C. Nígbà tí mo ti ihò afẹ́fẹ́ pa, ó bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀, ohun tí mo sì ń wá gan-an nìyẹn. Ihò èéfín tó wà lókè ló kàn, ó tóbi jù fún àpótí tó dí báyìí, mo sì máa fi ìdérí tó ṣeé yí sí i.