Ẹni tí kò joyè, ta ni yóò rọ̀ ọ́ lóyè?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn níbí ní Oǹdó, mo gbọ́ pé ẹ ti ń wá ẹni tí ẹ ó kọ pírójẹ́ẹ̀tì lé lórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe rí.

John Nelson Darby ni mo mú. Ẹ lè má mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti jẹ nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ pé Jésù yóò gba ìjọ sókè kí ìpọ́njú ńlá tó dé, òun wà lára àwọn tó tàn án kálẹ̀ jù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n ìgbàsókè kọ́ ló fà mí mọ́ ọn. Àlùfáà Áńgílíkà ni ní Ireland. 1826 ni wọ́n fi í jẹ àlùfáà. Láàrin àwọn tálákà orí òkè Wicklow ló ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ rẹ̀ sì gbó débi pé wọ́n ní ẹnì kan ní Limerick na kọ́bọ̀ sí i, ó rò pé alágbe ni. Nígbà tí àwọn Kátólíìkì ń yípadà di Áńgílíkà, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Dublin ní kí wọ́n máa búra fún ọba Gẹ̀ẹ́sì. Kí ló kan ọba nínú ọ̀rọ̀ Jésù? Darby fi ipò sílẹ̀.

Òun àti àwọn bíi tirẹ̀ ń pàdé, wọ́n ń bu àkàrà láìsí àlùfáà. Wọ́n gbèrú ní Plymouth, ìlú kan ní England, ibẹ̀ ni ayé ti fún wọn lórúkọ Plymouth Brethren. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù, kò sí fíkà. Ará ni gbogbo wọn.

Mo kọ ogójì ojú ewé, ìyìn ni láti òkè dé ilẹ̀. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi fi bírò pupa kọ ìbéèrè kan péré sí i: “Newton ńkọ́?”

Newton ti físíìsì nìkan ni mo mọ̀. Benjamin Wills Newton ló ní lọ́kàn, aṣáájú ìjọ Plymouth. Ní 1845, Darby gbógun tì í lórí àsọtẹ́lẹ̀, ó sì ní ọkùnrin náà ń sọ ara rẹ̀ di àlùfáà lórí àwọn ará. Ó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tirẹ̀ nínú ìlú kan náà. Nígbà tó di 1848, ìjọ Bethesda ní Bristol gba àwọn kan láti ọ̀dọ̀ Newton síbi oúnjẹ Olúwa. Ìjọ George Müller ni Bethesda, Müller olùtọ́jú ọmọ òrukàn tí àwọn oníwàásù wa máa ń fi ṣàpẹẹrẹ àdúrà! Darby ní kí ẹnikẹ́ni má bá Bethesda jẹun mọ́, kí wọ́n má sì gba ìjọ yòówù tó bá ń gba ará Bethesda. Lẹ́tà lásán ló kọ, kò ní oyè kankan. Àwọn ìjọ káàkiri sì pín sí méjì.

Mo da ìwé àkọ́kọ́ nù, mo kọ òmíràn: alágàbàgebè ni Darby. Ọ̀gá mi tún dá a padà. Ó ní, “Ṣé àgàbàgebè ló gbé e gun òkè Wicklow?”

Inú pálọ̀ kan ní Àkúrẹ́ ni ojú mi ti là. Bí mo bá wálé fún ìsinmi, mo máa ń lọ sí ìpàdé Bíbélì kan tí kò ní pásítọ̀. Bùrọ̀dá là ń pe ẹni tó ń darí wa. Kò gbowó oṣù, orí ẹní ni òun náà ń jókòó sí. Lọ́jọ́ kan, arábìnrin kan ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ni òun fẹ́ fẹ́. Bùrọ̀dá kò sọ̀rọ̀, ó kàn dákẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnikẹ́ni ò kí arábìnrin náà mọ́. Èmi náà ò kí i, ojú sì ń tì mí di òní. Mo wá rántí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí wọ́n ti sàmì fún mi. Bí fíkà bá ṣàṣejù níbẹ̀, ìgbìmọ̀ ìjọ wà, ẹjọ́ lè dé iwájú bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì lè gbé e lọ sílùú mìíràn. Ọ̀rọ̀ Bùrọ̀dá, ọ̀dọ̀ ta la ó gbé e lọ? Kò joyè, a ò lè rọ̀ ọ́ lóyè.

Ojú yẹn ni mo fi padà ka Darby. Kò parọ́ nígbà tó ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ ọ̀gá. Ó gbà á gbọ́ débi pé kò rí i pé òun ti di ọ̀gá. William Kelly tó kó ìwé rẹ̀ jọ, tó lé ní ọgbọ̀n ìdìpọ̀, pàápàá bá ara rẹ̀ ní òdìkejì nígbà tí wọ́n tún pín ní 1881. Ní 1882 Darby kú. Ní 1909, Oxford University Press tẹ Bíbélì Scofield jáde, Bíbélì tí wọ́n kọ àlàyé sí lójú ewé, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì gba ibẹ̀ wọ àwọn ìjọ tó lórúkọ, tó ní pásítọ̀, tó ní àga gíga.

Ẹnì kan ti kìlọ̀ fún un tipẹ́. Anthony Norris Groves, oníṣègùn eyín tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ wàásù ní Baghdad, kọ lẹ́tà sí i ní 1836, pé bí ohun tí wọ́n ń takò bá di okùn tó so wọ́n pọ̀, àṣẹ ènìyàn ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ìjà Plymouth nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má ka ìwé ẹni náà nìkan. Ẹ wá lẹ́tà ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí àṣẹ.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ọ̀gá mi gbà. Ó fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ Groves, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: “Kí ló dé tó jẹ́ ojú ewé 31 lo tó mú ọkùnrin yìí wọlé?”