Yàrá kan ní Peckham, ilé kan ní Ajégúnlẹ̀

Ní Ajégúnlẹ̀ tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, kò sẹ́ni tó ń ta yàrá kan ṣoṣo. Ilé ni wọ́n ń tà, tàbí ilẹ̀. Yàrá, ńṣe là ń gbà á. Ní Lẹ́kí àti Ìkòyí wọ́n ti ń ta fúláàtì báyìí, àmọ́ ayé tiwọn yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí ọkàn mi tó gbà á pé ní Lọ́ńdọ̀nù, èèyàn lè fi gbogbo owó tó ti ń tù jọ ra yàrá kan, kí wọ́n sì máa pè é ní onílé.

Èyí tí mò ń ná lọ́wọ́ wà ní Peckham, kò jìnnà sí títì ọjà tí wọ́n ń pè ní Rye Lane, lókè pátápátá ilé àtijọ́ kan tí wọ́n gé sí fúláàtì. Stúdíò ni wọ́n ń pè é. Self-contain ni à bá pè é nílé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni: ọ̀dà funfun, ilé ìdáná tuntun tó fara ti ògiri, ilẹ̀ onípákó tó ń dán, iná kéékèèké nínú àjà. £265,000 ni wọ́n ń pè é. Torí pé mi ò ra ilé rí, owó stamp duty tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ra ilé kò kàn mí, níwọ̀n ìgbà tí iye ilé náà ò bá ti kọjá £300,000. Ẹ jọ̀ọ́, kí àwa ará ilé fi èyí sọ́kàn: ẹni tó bá ti ní ilé sí Nàìjíríà, kódà kó jẹ́ pé ńṣe ló jogún rẹ̀, kò sí lára àwọn tí ẹ̀dínwó yẹn wà fún.

Ohun tí mo kọ́kọ́ béèrè ni iye ọdún tó kù. Leasehold ni yàrá náà, ìyẹn ni pé ẹlòmíràn ló ni ilẹ̀ àti ara ilé. Ọdún ni wọ́n ń tà fúnni. Ọdún 83 ló kù. Bó bá fi lè wálẹ̀ kọjá 80, owó tí wọ́n ń gbà láti fi ọdún kún un á lọ sókè, bó bá sì tún dín sí i, ọ̀pọ̀ báńkì kò ní fẹ́ yáni lówó lé e lórí mọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá rà á ní láti dúró fún ọdún méjì kó tó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àfikún. Wọ́n ti mú ìyẹn kúrò láti ìparí oṣù kìíní ọdún 2025.

Ní Nàìjíríà ńkọ́? Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ọdún 99 sì ni wọ́n sábà máa ń kọ sínú C of O. Bá a bá wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra. Síbẹ̀, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa béèrè iye ọdún tó kù lórí C of O. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, ìdílé wo ló ni ilẹ̀? Ta ni olórí ẹbí tó fọwọ́ sí i? Ṣé kò sí àbúrò kan níbì kan tó máa jáde lọ́la pé wọn ò fi tòun ṣe? Ìyẹn náà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ti ibí tẹ́ mi lọ́rùn jù. Pọ́ùn díẹ̀ lèèyàn fi ń rí àkọsílẹ̀ onílé ní Land Registry lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní láti mọ ẹnì kankan.

Owó ò sì tán síbẹ̀, níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ti kọ́lé rí ní Èkó mọ ọwọ́ ọmọ onílẹ̀: owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn, owó òrùlé. Ìjọba Èkó ṣòfin lọ́dún 2016 láti fòpin sí i, síbẹ̀ àwọn tó ń kọ́lé ṣì ń ya owó yẹn sọ́tọ̀. Ní Peckham, service charge ni wọ́n ń san lọ́dọọdún, fún òrùlé, àtẹ̀gùn àti inṣọ́ránsì. Bí iṣẹ́ ńlá bá délẹ̀ tí ìpín onífúláàtì kan máa ju £250 lọ, ẹni tó ni ilẹ̀ àti ara ilé gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn onífúláàtì, kó sì gbọ́ tẹnu wọn kó tó bẹ̀rẹ̀. Owó náà lè wọni lára gan-an, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa gbé igi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó wá ku ọ̀dà tuntun yẹn. Bí wọ́n bá kun ilé ní Ajégúnlẹ̀ lóṣù kìíní, ọlọgbọ́n kì í rà á títí á fi rí i lábẹ́ òjò oṣù kẹfà. Ibo lomi ń gbà wọlé? Ṣé títì ga ju ilé lọ? Lẹ́yìn ìyẹn la ó tó béèrè iná àti omi. Ní Peckham, iná àti omi kì í ṣe ìbéèrè, ọ̀rinrin ni. Yàrá kan tí wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n ti ń sá aṣọ, tí wọ́n tún ń sùn sí, tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ wà ní títì nígbà òtútù, ògiri rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bu bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́. Nílé wa, kọ́rídọ̀ ni wọ́n ti ń dáná, fèrèsé kì í sì í tì pa. Ẹ̀fọn ń wọlé, ariwo ń wọlé, àmọ́ ògiri ń gbẹ. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì, mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀: ó tutù, ó sì rọ̀. Fáànù ilé ìwẹ̀ ń pariwo, ṣùgbọ́n tíṣù tí mo gbé sí i lẹ́nu jábọ́ sílẹ̀. Kò fa atẹ́gùn kankan.

Ẹ́jẹ́ǹtì ò sọ nǹkan kan. Màmá kan tó ń gbé lábẹ́ yàrá náà ló là mí lójú. Lórí àtẹ̀gùn la ti pàdé.

“Ẹ káàsán mà.”

“Káàsán, ọmọ mi. Ṣé yàrá òkè yẹn lo wá wò?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

“Wọ́n tún un ṣe lóòótọ́. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ká kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, kò sí bàtà tí mi ò gbọ́. Mo ti kọ̀wé sí wọn.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà fún lọ́yà mi. Ó yẹ ìwé leasehold wò, ó sì wà níbẹ̀ kedere: kápẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ gbogbo fúláàtì, àfi ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Ilẹ̀ onípákó tí wọ́n fi ń polówó yàrá náà lòdì sí ìwé tí wọ́n fi ń tà á. Ẹni tó bá rà á bẹ́ẹ̀ ti ra ẹjọ́ mọ́ ọn.

Nínú ilé face-me-I-face-you tá a gbé, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ lọ́yà. Ẹni tí ariwo ń dà láàmú á kanlẹ̀kùn, ohùn á ròkè, àgbà kan á jáde sí i. Ùróbò wà lápá ọ̀tún wa, Ìgbò lápá òsì, Ìlàjẹ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹnu ẹ̀rọ kan náà la ti ń pọnmi, kò ṣeé ṣe ká má bára wa sọ̀rọ̀. Ọjà ni irú ìyẹn wà ní Peckham. Ará Afghanistan tó ń ta ẹran ní Rye Lane mọ ṣàkì, ó mọ pọ̀nmọ́, á sì béèrè bóyá kóun gé e wẹ́wẹ́. Àmọ́ tá a bá ti wọlé, kálukú ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni. Àwọn ẹ́jẹ́ǹtì ti wá sọ ìdàpọ̀ yìí di ọjà: ó wà nínú ìpolówó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná tuntun. Ó ń dùn mí, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọjà yẹn kò lè san owó yàrá yìí.

Àlejò ni mi ò tíì rí ojútùú sí. Láti ọdún 2015, ìwọ̀n tí ìjọba là sílẹ̀ fún irú yàrá bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ tuntun, tó sì wà fún ẹnì kan, ni mítà onígun mẹ́rin 39, tàbí 37 bó bá jẹ́ ṣáwà ló wà nílé ìwẹ̀ rẹ̀. Ilé àtijọ́ tí wọ́n ti gé tipẹ́ kò sí lábẹ́ rẹ̀. 31 ni tèmi, àwọn báńkì kan kì í sì í wo ohun tó bá kéré sí 30. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò ní béèrè iye mítà kó tó gbéra wá. Nílé, ẹní la máa tẹ́ fún un. Níbí, tó bá tẹ́ ẹní, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ò ní ṣí.

Síbẹ̀, mo fẹ́ ẹ. Mo ti ní kí lọ́yà béèrè ìgbà tí wọ́n tún òrùlé ṣe kẹ́yìn, mo sì ti dín iye tí mo fẹ́ san kù nítorí fáànù, ògiri ẹ̀yìn síǹkì àti ilẹ̀ tó lòdì sí ìwé. Wọn ò tíì fèsì. Bí wọ́n bá gbà, màá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kí n tó kó ẹrù wọlé, màá sì lọ sọ fún Màmá ìsàlẹ̀.