Ta ló fa fọ́tò màmá mi ya?

Nígbà tí à ń múra ìrántí ọdún kẹwàá tí ìyá àgbà wa ti papò dà, èmi ni wọ́n ní kí n ṣe bébà ètò. Wọn ò bi mí bóyá mo ráyè. Ẹni tó bá ti ní kọ̀ǹpútà nínú ẹbí wa ti di atẹ̀wé ẹbí nìyẹn. Fọ́tò kan ló wù mí lò, dúdú òun funfun: ìyá jókòó sórí àga, gèlè wọn ga bí òkè. Mo ní kí etí rẹ̀ rí bíi bébà tí wọ́n fọwọ́ fà ya, kó dà bíi pé inú àpótí àtijọ́ la ti yọ ọ́.

GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ni mo ń lò, torí ọ̀fẹ́ ni. Mo mú Free Select, irinṣẹ́ tí a fi ń fọwọ́ yí ibi tí a bá fẹ́ ká, mo fi fa ìlà kọ́lọkọ̀lọ yí fọ́tò ká, mo sì pa ìyókù rẹ́. Háà! Eyín ayùn gan-an ni. Bébà kì í ya báyẹn. Mo bá mú kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, mo fà á ya kí n lè fojú ara mi rí i. Mo fà á lóòró, ó ya gbọọrọ. Mo fà á níbùú, ó yà bàrá, etí rẹ̀ ṣe ṣágiṣàgi, torí pé fọ́nrán inú bébà ní ibi tó kọjú sí. Ṣùgbọ́n funfun tó yọ létí ibi tó ya gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ojú kàlẹ́ńdà ní àwọ̀, inú rẹ̀ funfun, ibi tó ya ló sì ń fi inú hàn: ó fẹ̀ níhìn-ín, ó tín-ín-rín lọ́hùn-ún, níbòmíì kò tilẹ̀ sí rárá. Fọ́tò yíya orí kọ̀ǹpútà tí kò ní funfun yìí, tàbí tí tirẹ̀ fẹ̀ bákan náà yíká bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n, ojú kan lèèyàn máa wò ó táṣìírí á tú.

Mo padà sídìí iṣẹ́. Lẹ́yìn Free Select, mo lọ sí Select, mo tẹ Distort. Òun ló ń ba ìlà yẹn jẹ́ fúnni. Spread, ìyẹn bí ìlà náà ṣe máa tú ká tó, 8 ló bá a wá; ó kéré jù fún fọ́tò ńlá, mo gbé e sí 20. Layer mask, ìbòjú tó ṣeé ṣí kúrò, ni mo fi bo ibi tí n ò fẹ́, n ò pa á rẹ́ mọ́. Mo ṣí layer mìíràn, bí ẹní tẹ́ bébà míì, sábẹ́ rẹ̀, mo fi Grow fẹ ìlà náà ní píksẹ́lì (àwọn tóótòòtó inú fọ́tò) 12, mo tún tẹ Distort kí etí méjèèjì má bàa bára dọ́gba, mo wá da àwọ̀ sí i. Kì í ṣe funfun nini o, èyí tó rí bí omi ọ̀gì ni. Ó ku Drop Shadow, òjìji abẹ́ rẹ̀, díẹ̀ báyìí.

Inú mi dùn débi pé mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí lóru. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí àǹtí mi, ọmọ ìyá gan-an, fi pè mí.

"Ta ló fa fọ́tò màmá mi ya?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kò sẹ́ni tó fà á ya, kọ̀ǹpútà ni."

"Kọ̀ǹpútà wo? Ẹni tó bá kọ ọkọ ló ń fa fọ́tò ya!"

N ò jiyàn. Mo ṣí i padà, mo yọ mask kúrò, ìyá tún di odidi. Bébà àwọ̀ ọ̀gì abẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo jẹ́ kó ya, mo sì fẹ̀ ẹ́ kí ṣágiṣàgi rẹ̀ lè yọ síta lábẹ́ fọ́tò. Mo tún fi ránṣẹ́.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni àǹtí kọ. "Ìyá ti wá jókòó dáadáa báyìí."