Mo rí àmì etí lónìí!

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ fẹ́ràn jáàsì, ẹ bá mi yọ̀ o! Inú páálí àwo orin àlòkù kan ni mo ti fa àwo Blue Note kan yọ lónìí, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáàsì jáde. Mo gbé e síwájú iná, mo wo etí bébà àárín rẹ̀, níbi tí orin ti máa ń parí. "RVG" ló wà níbẹ̀ gbọnrangandan, àmì Rudy Van Gelder, onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn tó gé orin náà sára àwo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àmì P kan tó rí bí etí èèyàn: àmì Plastylite, àwọn tó ń tẹ àwo fún Blue Note títí di 1966, ìyẹn ni pé àwo ìgbà yẹn gan-an ni. Inú mi dùn gan-an! Ó ha díẹ̀ lójú kejì, kò kàn mí. Ẹ má bi mí iye tí mo rà á, ìyàwó mi ń ka ojú òpó yìí.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, àwo ò lè ṣe tó ojúkojú. Mo rántí bàbá onígìtá kan níbi agbo blúùsì, tí okùn gìtá rẹ̀ já láàárín orin. Bàbá ò dúró! Ó ń kọrin lọ, ó fa okùn tuntun yọ lápò, ó ń lọ́ ọ wọlé, oníbéèsì sì ń gbé e lẹ́sẹ̀. Nígbà tó máa fi ta okùn yẹn, gbogbo wa ti dìde. Àwo wo ló máa fi ìyẹn hàn yín?

Ẹ jẹ́ n máa lọ, ojú kejì ti kàn.