Aago Onígbá: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

18 oṣù Kejìlá
Mo ra igbá méjì ní ọjà Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́. Mo fẹ́ fín ojú aago sára ọ̀kan fún àwọn ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà àti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Aago oníke tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé wà nílé o, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ṣi èyí àbúrò lọ́nà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń yí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Tí mo bá ní kó ṣe aago mẹ́ta àbọ̀, á gbé ọwọ́ kúkúrú lé 3 gan-an, á gbé ti gígùn lé 6. Ó wá wo aago ara ògiri, ó rí ọwọ́ kúkúrú láàrin 3 àti 4, ó ní aago ń parọ́.

Aago ògiri wa kan wà tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́. Mo tú ẹ̀rọ inú rẹ̀, mo yọ bátìrì. Ohun roboto kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a ń fi ìka yí: bí ọwọ́ gígùn bá yípo lẹ́ẹ̀kan, ti kúkúrú á rọra kúrò lórí nọ́ńbà kan bọ́ sórí èkejì. Ohun tí mo ń wá nìyẹn.

20 oṣù Kejìlá
Igbá àkọ́kọ́ ti bàjẹ́. Mo so òwú mọ́ ìṣó, mo fi fa òbírí. Lórí pákó, gígùn òwú yẹn á wọ etí òbírí lẹ́ẹ̀mẹfà géérégé, èèyàn á wá pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó di 12. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn igbá yọ síta, òwú náà sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti fín 1 dé 4 kí n tó rí i pé 12 ò ní dé ibi tó yẹ kó wà.

Mo gbé e lọ bá Bàbá afíngbá àdúgbò wa. Wọ́n wò ó títí. "Ọmọ mi, ìwé ni kí o ká." Wọ́n gé ìwé roboto, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n tún ká a sí méjì, wọ́n wá ká ìyẹn sí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n tú u, ìlà 12 ló jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní kí n lo igbá kejì tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, kí orí ọwọ́ aago má baà jìnnà sí nọ́ńbà. Wọ́n bá mi ha inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, torí ọ̀pá ẹ̀rọ náà kúrú.

27 oṣù Kejìlá
Èyí ẹ̀gbọ́n bi mí pé, "Mọ́mì, ta ló sọ fún aago?" A ri ọ̀pá 100 sẹ̀ńtímítà mọ́lẹ̀ lágbàlá. Ní aago 12, òjìji rẹ̀ jẹ́ 65. Ní 12 àbọ̀, 61. Ní aago kan, 61 náà ni. Àárín méjèèjì ni oòrùn wà lókè pátápátá: aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Nínú àwọn ìlà tí wọ́n fà láti àríwá dé gúúsù lórí máàpù ayé, ìlà 15 dígírì ìlà-oòrùn, tó kọjá ààlà wa, ni wọ́n fi ń ka aago Nàìjíríà. Ọ̀yọ́ wà ní nǹkan bíi 4. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni oòrùn ń lò lórí dígírì kan, mọ́kànlá sì ni ó ṣẹ́kù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí ẹ̀gbọ́n ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó rí ìṣẹ́jú 44 lẹ́yìn aago 12. Inú mi dùn dé ọ̀run.

2 oṣù Kìíní
Mo fi osùn kun apá ọ̀tún fún "kọjá", mo fi aró kun apá òsì fún "ku". Èyí ẹ̀gbọ́n gba "ku" wọlé kíá, torí ó ti mọ márùndínlógójì lórí: a yọ márùn-ún nínú ogójì, bí a ṣe ń yọ ìṣẹ́jú nínú aago tó ń bọ̀.

Ti àbúrò rẹ̀, mo yọ ọwọ́ gígùn kúrò pátápátá. Kúkúrú nìkan ló ń kà. Láàárọ̀ yìí ó wo igbá, ó ní, "Ó ti kúrò ní 7, kò tíì dé 8." Ó ku kí n fi òróró pa igbá náà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá dá ọwọ́ gígùn padà fún un.