Àmì kan ṣoṣo lórí fóònù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjì já páànù ilé ẹ̀yìnkùlé wa níbí l'Ọ̀yọ́. Bí màmá mi ṣe ń sáré kó aṣọ wọlé, wọ́n bi mí pé, "Ṣé irú èyí náà lo bá pàdé ní Grenada lọ́hùn-ún?" Mo ní, "Màmá, èyí ò dé ìdajì ẹ̀."

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe ní St. George's, olú ìlú Grenada, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní Caribbean, nígbà tí ìjì tí wọ́n pè ní Beryl dé lọ́dún 2024. Omi òkun tó gbóná ló ń fún irú ìjì bẹ́ẹ̀ lágbára, kì í sì í sábàá le kí oṣù kẹjọ tó wọlé. Oṣù kẹfà ò tíì parí tí Beryl ti dé ìpele kẹrin nínú márùn-ún. Ẹnikẹ́ni ò rí irú ẹ̀ rí lórí òkun Atlantic nínú oṣù yẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ Sunday, èmi àti ìyá onílé mi kan pákó mọ́ fèrèsé, a pọnmi kún gbogbo korobá, a ká táwẹ̀lì sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, àmọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn kọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ló wà lọ́kàn wọn, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní abúlé Windward ní Carriacou, erékùṣù kékeré tó wà lápá àríwá wa. Ọ̀nà tó wà láàárín wa ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà ju Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Bàbá náà ní àwọn ò kúrò nílé. Lọ́dún 2004, nígbà tí ìjì Ivan ba èyí tó pọ̀ jù nínú ilé Grenada jẹ́, díẹ̀ ló kan Carriacou. Ohun tó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ nìyẹn.

Àárọ̀ Monday, ọjọ́ kìíní oṣù keje, páànù wa ń dún gbà-gbà-gbà bíi pé alágbẹ̀dẹ ń fi ọmọ owú lù ú. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, n kò ní kí n má rántí Ọya. (Ìyá onílé mi náà mọ Ṣàngó. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó débẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1849 ló gbé e dé Grenada.) Kó tó di ọ̀sán, ojú ìjì gan-an ti gba orí Carriacou kọjá, pẹ̀lú atẹ́gùn tó ń sáré tó kìlómítà 240 ní wákàtí kan. Lọ́dọ̀ wa, igi máńgòrò kan ló wó. Mo dúpẹ́, ojú sì ń tì mí pé mo ń dúpẹ́.

Mo bá ìyá onílé mi fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn lórí WhatsApp. Àmì kan ṣoṣo ló hàn, kò di méjì. Wọ́n ní kí n tún wò ó. Mo tún wò ó. Títí ilẹ̀ fi ṣú, orí itan wọn ni fóònù náà wà. Màmá mi ń pè láti Ọ̀yọ́, mo sì ń dá wọn lóhùn pé, "Mo wà láàyè, Màmá, ẹ má sunkún mọ́." Ìyá tó jókòó tì mí ń gbọ́ gbogbo ẹ̀, tiwọn ò rí ẹni dá wọn lóhùn.

Ọjọ́ Wednesday ni ọlọ́kọ̀ kan tó ti ọ̀hún dé sọ fún wa pé bàbá náà yè. Abẹ́ tábìlì iṣẹ́ wọn ni wọ́n sá sí. Ilé ti lọ. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé Carriacou ò ní odò. Omi òjò tó ń ṣàn láti orí òrùlé sínú àgbá sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń mu. Òrùlé ti wá lọ. Òjò ń rọ̀, omi mímu ò sí. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́fà la gbé lọ sí èbúté láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá onílé mi sì fọwọ́ ara wọn so okùn mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Màmá mi gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Bàbá yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti rí òrùlé báyìí?"

Mo ní tapólì ló ṣì wà lórí yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n tún kọ́, nígbà tí mò ń bọ̀ wálé.